Ẹsẹ̀ Kọnkéré Mẹ́jọ

Ẹni tó bá ti ń dúró ti ẹ̀rọ ìlọta láti ìgbà èwe rẹ̀ kì í gbé ohun wúwo kalẹ̀ bákan ṣáá. Ẹ̀rọ tí kò bá jókòó dáadáa yóò máa gbọ̀n. Bó bá ń gbọ̀n, yóò máa já bẹ́líìtì. Bí bẹ́líìtì bá sì ń já lójoojúmọ́, oníbàárà á gbé ata rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Nítorí náà ìjókòó ni Bísọ́dún máa ń kọ́kọ́ wò kó tó wo ohun tó jókòó. Kódà bí wọ́n bá gbé àga fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, á fi ọwọ́ mì ín wò kó tó fi ìdí lé e.

Ọmọ Àkúrẹ́ ni. Ọ̀bà-Ilé ló ti ń lọ ata, ẹ̀wà àti ẹ̀gẹ́ fún gbogbo àdúgbò, títí ọkọ rẹ̀, Oríọlá, tó jẹ́ ọmọ Oǹdó, fi ṣàìsàn kú. Oríọlá fi oko sílẹ̀ lórí ilẹ̀ ẹbí wọn, lẹ́yìn ìlú Oǹdó. Bísọ́dún kò bímọ fún un, ṣùgbọ́n ẹbí kò torí ìyẹn lé e. Wọ́n ní kó máa dáko níbẹ̀ títí ẹ̀mí rẹ̀. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́, iṣu, ohun tó ń wá tó sì ń lọ, ìyẹn ló lè gbìn. Kòkó, obì àti ilé, ọmọ onílẹ̀ nìkan ló ni mẹ́ta yìí. Òfin náà ti pẹ́ nínú ẹbí débi pé kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ jáde mọ́, bí a kì í ti í sọ fún àlejò pé kó má jókòó sórí ibùsùn onílé.

Ó dáko lóòótọ́, àgbàdo rẹ̀ sì ń ṣe dáadáa lórí ìdúró. Ìgbà tó bá ṣẹ́ ẹ tán ni ìyọnu máa ń bẹ̀rẹ̀. Àgbàdo àkọ́rọ̀ máa ń gbó nígbà tí òjò kò tíì simi. Bó bá sá a, òjò á pa á. Bó bá kó o sínú àgọ́, á gbóná, kòkòrò á wọ̀ ọ́. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ ra àgbàdo lójú títì mọ èyí ju bí olóko ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run kí wọ́n tó wo àgbàdo. Bí òjò bá ti ṣú, iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n á dá.

Orí fóònù ni Bísọ́dún ti kọ́kọ́ rí ohun tó gbà á lọ́kàn. Wọ́n gbé kọ̀ntéénà méjì, àwọn àpótí irin ńláńlá tí wọ́n fi ń kó ẹrù wá láti òkè òkun, wọ́n tò wọ́n ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú àlàfo láàárín, wọ́n sì fi òrùlé kan bo àlàfo náà. Inú àlàfo ni èèyàn á ti máa sá irè. Inú àwọn àpótí ni á kó èyí tó bá gbẹ sí. Kòkòrò kò lè lu irin, eku kò lè jẹ ẹ́. Ó wò ó títí bátìrì fi kú. Nígbà tó ṣe, ó ta ilé ẹ̀rọ rẹ̀ ní Ọ̀bà-Ilé, ẹ̀rọ, bẹ́líìtì, ṣọ́ọ̀bù, gbogbo rẹ̀ pátá. Ó mọ ohun tí òun ń ṣe. Bí àká náà bá dúró, oko á máa bọ́ òun dọjọ́ alẹ́. Bí kò bá dúró, kò sí ibi tí òun tún máa padà sí.

Ó kọ́kọ́ lọ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ Bàbá Akínwùmí, ẹ̀gbọ́n Oríọlá, tó jẹ́ olórí ẹbí ní Oǹdó.

"Kí lo ní wọ́n ń pè é?" Bàbá bi í.

"Kọ̀ntéénà, Bàbá. Àpótí irin ni."

"Ṣé ilé ni?"

"Rárá o, Bàbá. Ọkọ̀ ló máa gbé e wá. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ní kí n gbé e kúrò, ọkọ̀ náà ló máa gbé e lọ."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, Ìyàwó. Ohun tó bá ṣeé gbé, gbé e wá. A ò ní kó o má jẹun."

Ìgbà ẹ̀rùn ni ọkọ̀ oníkireeni, tó ń fi apá irin gbé ẹrù, gbé kọ̀ntéénà méjèèjì wọ oko, nígbà tí ọ̀nà ṣì le gbagidi. Yọ̀mí, jórin-jórin tó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́nà Oda ní Àkúrẹ́, ló bá a yan àwọn àpótí náà, òun náà ló sì gba iṣẹ́ ọ̀hún. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́.

"Mọ́mì, ìtì igi la máa tẹ́ sábẹ́ ẹ̀," ni Yọ̀mí wí. "Bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ gbé e lé e, ó parí."

"Igi kẹ̀? Lórí ilẹ̀ yìí? Ikán tó jẹ ilẹ̀kùn àgọ́ ọkọ mi tán, tó tún jẹ àga tó wà nínú ẹ̀?"

"A máa fi ọ́ìlì dúdú kùn ún."

"Á fi ọ́ìlì ẹ jẹ ẹ́ bí ẹni fọbẹ̀ jẹyán."

Yọ̀mí bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ Bísọ́dún kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó fà á lọ sí igun kọ̀ntéénà kan, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ pa irin igun náà. Ó nípọn, ó ní ihò lójú bíi ti ìlẹ̀kẹ̀, ó sì le ju gbogbo ara àpótí tó kù lọ. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ló ń gbé gbogbo ẹrù. Ìsàlẹ̀ àárín kò kan ilẹ̀ rárá. Afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà bí igun mẹ́ta bá dúró, tí ọ̀kan rì, àpótí náà á lọ́, bí agbọ̀n tí èèyàn jókòó lé létí. Ibi tó sì ti máa kọ́kọ́ hàn ni ẹnu ilẹ̀kùn.

"Wo bí ilẹ̀kùn yìí ṣe ga tó," ó ní. "Bó bá fi ìbú ìka kan rì nísàlẹ̀, wo ibi tó máa yà sí lókè. Abala ilẹ̀kùn méjèèjì á bu ara wọn jẹ, o ò ní lè ṣí i mọ́."

"Ẹ̀yin náà kúkú ti mọ̀ ọ́n jù mí lọ, Mọ́mì. Kí la wá fẹ́ ṣe?"

"Ohun tí mo máa ń ṣe fún ẹ̀rọ ni. Ká gbẹ́lẹ̀ títí a ó fi kan ibi tó le."

Wọ́n gbẹ́ ihò mẹ́jọ, mẹ́rin fún àpótí kan, títí ọkọ́ fi ń kọ lórí yangí. Wọ́n to irin sínú ihò, wọ́n po sìmẹ́ǹtì mọ́ iyanrìn àti gíráníìtì. Láti mọ̀ pé orí àwọn ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dọ́gba, Bísọ́dún rọ omi sínú rọ́bà gígùn kan tó mọ́ gaara, ó di ẹnu kan mú, Yọ̀mí di èkejì mú. Ibi tí omi bá dúró sí ní ẹnu kan, ibẹ̀ náà ló máa dúró sí ní ẹnu kejì, bí ilẹ̀ tó wà láàárín wọn tilẹ̀ ń gòkè tó ń sọ̀. Omi kì í ṣe ojúsàájú. Ilẹ̀ náà dà sí apá odò díẹ̀, nítorí náà àwọn ẹsẹ̀ tó wà lápá ìsàlẹ̀ ga ju tòkè lọ, ṣùgbọ́n orí wọn bára mu.

Nígbà tí wọ́n dà á tán, ó fi àpò tútù bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì ń bomi rin wọ́n láràárọ̀ bí ẹni ń bomi rin ọ̀gbìn. Àwọn lébìrà ń wò ó. Wọ́n rò pé ó yẹ kó jẹ́ kí oòrùn pa á kó lè yá gbẹ. Ó ṣàlàyé fún wọn pé sìmẹ́ǹtì kì í gbẹ bí aṣọ. Ńṣe ló ń le, omi ló sì fi ń le. Bí omi bá tètè tán lára rẹ̀, á dá iṣẹ́ dúró lágbedeméjì.

Lọ́jọ́ tí kireeni gbé àwọn àpótí náà lé wọn, Yọ̀mí ṣí ilẹ̀kùn irin ńlá náà, ó pa á dé, ó tún ṣí i.

"Mọ́mì, ẹ wá wò ó! Ìka kan! Ìka kan ni mo fi tì í!"

Bísọ́dún náà fi ìka kan tì í.  Ó tún tì í lẹ́ẹ̀kan sí i.

Wọ́n wá gbé irin òrùlé lé e. Yọ̀mí jó ẹsẹ̀ àwọn irin náà mọ́ orí àpótí ọ̀tún àti tòsì, ó kan páànù lé e, ó sì fi ọ̀rá líle tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé sáàárín páànù kan sí òmíràn. Wọ́n gé ojú ihò sí ara àwọn àpótí, nísàlẹ̀ àti lókè, wọ́n fi àwọ̀n wẹ́wẹ́ bò wọ́n, kí afẹ́fẹ́ tútù lè gba ìsàlẹ̀ wọlé, kí èyí tó bá gbóná gba òkè jáde. Bísọ́dún bu pòpórò gbígbẹ tó ti fi ọwọ́ fọ́ wẹ́wẹ́, ó dúró láàárín àlàfo náà, ó jù ú sókè. Afẹ́fẹ́ gbé e, ó gbé e já lódìkejì. Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Nínú gbogbo èyí, kò sí ìgbà kan tó wá sí i lọ́kàn pé òun ti kọ́lé. Ní Ọ̀bà-Ilé, bí ẹlẹ́rọ bá kó kúrò, á fi ìjókòó ẹ̀rọ sílẹ̀ nílẹ̀, onílẹ̀ á máa sá ẹ̀gẹ́ lé e lórí, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Bó ṣe ń wo ẹsẹ̀ mẹ́jọ náà nìyẹn. Ojú ẹlẹ́rọ ló fi wò wọ́n. Kò fi ojú onílẹ̀ wò wọ́n rí, nítorí kò nílẹ̀ rí.

Gbémiga, àbúrò Oríọlá, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, wá kí i ní ọjọ́ Sátidé kan. Ó kéré sí Bísọ́dún lọ́jọ́ orí, àmọ́ ọkọ ló jẹ́ fún un, ó sì fẹ́ràn láti máa rán an létí.

"Ìyàwó mi! Ṣé ìwọ lo ṣe èyí, àbí o lọ kó àwọn òyìnbó wá?"

"Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀. Òyìnbó tó wà níbí nìyẹn." Ó nawọ́ sí Yọ̀mí, tí èédú iṣẹ́ ti kùn lójú.

"Òyìnbó ọ̀nà Oda!" ni Gbémiga wí, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín.

Ó yọ fóònù rẹ̀. Kí gíga àká náà lè hàn dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko, ó sì ya fọ́tò láti ìsàlẹ̀. Ó fi ránṣẹ́ sójú ẹ̀ka Wásáàpù ẹbí, ó kọ ọ́ pé, "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó wa!" Àwọn ará ilé kí i kí i. Àwọn tó wà ní Èkó kí i, ẹnì kan kí i láti òkè òkun. Ó wá ku ẹnì kan tó béèrè pé, "Kí ni nǹkan funfun tó wà lábẹ́ ẹ̀ yẹn?" 

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, wọ́n ránṣẹ́ pè é sí ilé ẹbí ní Oǹdó.

Bàbá Akínwùmí jókòó sórí àga rẹ̀ ní pálọ̀. Oyèbọ́lá, tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ obìnrin ilé, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀fọ́. Gbémiga dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wo ojú Bísọ́dún. Bísọ́dún kúnlẹ̀, ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Dìde, Ìyàwó, jókòó," ni Bàbá wí. "Mo rí fọ́tò. Ó wù mí. Mo ní kí Gbémiga fẹ̀ ẹ́ lójú kí n lè rí i dáadáa. Ìgbà tó fẹ̀ ẹ́ ni mo rí ohun tí mi ò fẹ́ rí. Kí ló wà lábẹ́ ẹ̀?"

"Ìjókòó ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí lo fi ṣe é?"

"Kọnkéré ni."

"Báwo ló ṣe wọlẹ̀ tó?"

Bísọ́dún kò mọ irọ́ pa, bí ẹsẹ̀ náà ṣe wọlẹ̀ tó sì wà lára ohun tí inú rẹ̀ ń dùn sí. "Ó kan yangí, Bàbá."

Oyèbọ́lá gbé ẹ̀fọ́ sílẹ̀. "Ó kan yangí! Àwa tí wọ́n bí sórí ilẹ̀ náà, a ò tíì kan yangí."

"Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, Oyèbọ́lá." Bàbá tún ara ṣe lórí àga. "Ìyàwó, gbọ́. Nígbà ayé bàbá wa, àlejò kan tọrọ ibi ẹkù, níbi tí á ti máa fún epo, létí odò wa lọ́hùn-ún. Èèyàn dáadáa ni. Bàbá wa fún un. Nígbà tó ṣe, ọkùnrin náà rí i pé amọ̀ ń mu epo òun, ó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹkù náà. Ta ló máa bá a wí? Epo ẹ̀ ń pọ̀ sí i, ó sì ń fún wa nínú ẹ̀. Ìgbà tó kú, àwọn ọmọ ẹ̀ pè wá lẹ́jọ́. A kó ẹlẹ́rìí lọ, a mú ìwé lọ. Adájọ́ wá sóko fúnra ẹ̀. Ó fi bàtà gbá ẹkù yẹn, ó ní, 'Ta ló kọ́ èyí?' Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Títí dòní, bí a bá fẹ́ pọnmi nínú odò yẹn, ńṣe là ń tọrọ ọ̀nà."

"Bàbá, èmi kọ́ ni ọkùnrin yẹn o. Ta lèmi tí màá pè yín lẹ́jọ́?"

"Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́."

Gbémiga sún mọ́ wọn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká kúkú kọ ìwé àdéhùn. Mo mọ lọ́yà kan l'Ákùúrẹ́ tí—"

"A níwèé lọ́jọ́ yẹn," ni Bàbá wí. "Sìmẹ́ǹtì la ò ní."

Bísọ́dún wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó fi páálí ìṣáná ṣe àpótí, ó fi orí ìka ṣe ẹsẹ̀. Ó ṣàlàyé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ṣàlàyé bí àpótí ṣe ń lọ́, ó ṣàlàyé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó ní láìsí nǹkan líle lábẹ́ rẹ̀, àká náà kò ní lò ju òjò kan lọ. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán pẹ̀lú sùúrù.

"Òótọ́ lo sọ," ó ní. "Òótọ́ lèmi náà sọ. Tìrẹ ni a máa fi ojú rí, tèmi ni àwọn ọmọ mi máa rí nígbà tí mo bá ti kú."

"Ìyàwó wa, má bínú o," ni Oyèbọ́lá wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. "Bí ìwọ náà bá wá lọ, ta ni á gbé e kúrò?"

 Gbogbo wọn gbọ́ ohun tó fara pamọ́ sẹ́yìn ìbéèrè náà, pé Bísọ́dún kò lọ́mọ, títí kan ẹni tó béèrè. Ó tún mú ẹ̀fọ́ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe parí rẹ̀ ni pé kí Bísọ́dún hú kọnkéré náà kúrò pátá, tàbí kó gbé àwọn àpótí náà lọ, kó tó kó hóró àgbàdo kan sínú wọn. Ó pe onímọ́tò oníkireeni. Ọkùnrin náà ní òjò ti ba ọ̀nà oko jẹ́, òun kò lè wọ ibẹ̀ títí di ẹ̀rùn. Bó tilẹ̀ wọ̀ ọ́, ibo ni wọ́n máa gbé e lọ? Àwọn ẹ̀gbọ́n Bísọ́dún ti ta ilẹ̀ bàbá wọn ní Àkúrẹ́ tipẹ́tipẹ́, ilé sì ti kún orí rẹ̀. Àgbàdo ti ń yọ irùkẹ̀rẹ̀ lóko.

Nítorí náà ó pe Yọ̀mí padà. Wọ́n fi jáàkì gbé àwọn àpótí náà ní igun kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi òòlù ńlá fọ́ ẹsẹ̀ tí wọ́n fúnra wọn dà. Iṣẹ́ náà kò yá. Kọnkéré tó mu omi rẹ̀ yó kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

"Ẹ̀bi yín ni, Mọ́mì," ni Yọ̀mí wí, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ ò jẹ́ kí n pò ó bí wọ́n ṣe ń po ti ìjọba. Èyí tí wọ́n ń dà sójú títì yẹn, èékánná la fi ń hú u."

Ó fẹ́ pa á lẹ́rìn-ín ni. Bísọ́dún ń ṣa irin kúrò nínú àfọ́kù, kò gbójú sókè.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù kò tíì yé Yọ̀mí, ó sì ní láti fi hàn án. Ká ní wọ́n ti gbé àpótí náà lé igi láti ìbẹ̀rẹ̀, orí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn ni ì bá wà, ilẹ̀ tó ti ki látọdúnmọ́dún. Ní báyìí, ihò ló wà lábẹ́ igun kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ti ń hú ẹsẹ̀ náà ni yangí ń fọ́ tẹ̀ lé e. Iyèpẹ̀ tí èèyàn dà padà sínú ihò kì í dà bí èyí tí Ọlọ́run tẹ̀ síbẹ̀, bó ti wù kó gún un tó. Ó da gíráníìtì sínú àwọn ihò náà, ó gún un, ó tún da òmíràn, ó tẹ́ ìtì ìrókò tó ti rẹ sínú ọ́ìlì dúdú lé e. Kò sí ohun tó mọ̀ tí kò ṣe. Nígbà tí wọ́n sọ jáàkì kalẹ̀ tán, ilẹ̀kùn ṣì ń ṣí, ṣùgbọ́n ó ti gba ọwọ́ méjèèjì.

"Ó dúró, Mọ́mì," ni Yọ̀mí wí.

"Ó dúró lónìí."

Àárín òjò dé, oòrùn ràn fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ṣẹ́ àgbàdo. Bísọ́dún sá a sáàárín àlàfo náà, ó gbẹ bí ó ti ṣe rò ó gẹ́lẹ́. Bó bá fi eyín gé hóró kan, ó ń dún kàkà. Ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló kó sínú àpótí apá ìsàlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tó háyà láti yọ hóró kúrò lára ṣùkù dúró sí. Ó kó ìyókù sí tòkè. Àwọn tó ń ra àgbàdo wá. Wọ́n wo ojú ọ̀run, wọ́n dá iye. Bísọ́dún fún wọn lómi mu, ó ní òun kò tíì tà. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn rí. Ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn títí ó fi yà sí títì.

Òjò wá padà dé, ó sì wá tagbára-tagbára. Ó ń rọ̀ láti Ọ̀wẹ̀nà títí dé ìsàlẹ̀ Oǹdó, ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Omi ń gba abẹ́ koríko sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó ń wá ibi tó rọ̀, ihò mẹ́jọ ló sì rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bísọ́dún rí i pé igun àpótí ìsàlẹ̀ tó wà lápá odò ti wọlẹ̀. Kò pọ̀, bí ìbú ọwọ́ ni. Ó sáré lọ síbi ilẹ̀kùn. Abala kan ti gun èkejì lókè, gẹ́lẹ́ bí ó ti sọ. Ó fi ara tì í, ó fi èjìká tì í, ó fi irin sún un. Kò mira.

Yọ̀mí gun ọ̀kadà wá pẹ̀lú jáàkì lẹ́yìn. Ó ti jáàkì sábẹ́ igun náà, ó ń fà á. Dípò kí àpótí gòkè, jáàkì ló ń wọlẹ̀. Wọ́n tẹ́ pákó sábẹ́ rẹ̀, pákó náà wọlẹ̀. Ẹrù inú àpótí pọ̀ jù, wọn kò sì lè kó o jáde nítorí ilẹ̀kùn kò ṣí. Láti gé ilẹ̀kùn, wọ́n nílò jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìgérin; kò sí ọkọ̀ tó lè gbé wọn la ẹrọ̀fọ̀ náà já. Bí wọ́n ti dúró bẹ́ẹ̀ ni nǹkan han lókè bí ẹni ya aṣọ. Yọ̀mí gun àpótí lọ wò ó. Irin òrùlé tó jó mọ́ àpótí méjèèjì ń fà wọ́n mọ́ra, èyí tó ń rì sì ń fà sísàlẹ̀. Ibi tí ó ti jó o mọ́ra kò já, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ dára. Òrùlé àpótí fúnra rẹ̀ ló ya.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Kò dá àpárá kankan.

"Mọ́mì, omi ń wọ ibẹ̀."

Wọ́n fi tapólì bò ó. Atẹ́gùn ṣí i. Wọ́n tún fi bò ó, wọ́n fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Bí ọjọ́ ti ń lọ, Bísọ́dún ń gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ara irin náà, bí ìyá ṣe ń gbé e lé iwájú orí ọmọ. Ó ń gbóná sí i. Àgbàdo tó bá tutù á máa mí, bó bá sì ń mí ní ojú kan á máa gbóná. Kò sí ohun tí irin tàbí ihò àwọ̀n lè ṣe sí i mọ́. Ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ibẹ̀ ní ìpele-ìpele bí ẹni tó wà nínú rẹ̀, ó sì dúró níta.

Nígbà tí ilẹ̀ le díẹ̀ tí wọ́n gé ilẹ̀kùn, òórùn tó jáde mú kí Yọ̀mí fà sẹ́yìn. Àgbàdo ojú òkè nínú àpótí náà ti hu gbòǹgbò funfun wọnú ara wọn bí ẹní. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ti bu, ó ti dúdú. Àpótí apá òkè kò rì, àpò díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ yè. Àwọn tó ń ra àgbàdo ti gbọ́ kí wọ́n tó dé, iye tó wù wọ́n ni wọ́n san. Ọkùnrin kan tó ń sin adìyẹ lọ́nà Ìpógun wá, ó ní òun á bá a kó èyí tó bu.

"Á pa adìyẹ yín," Bísọ́dún sọ fún un.

"Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ lú èyí tó dáa, Ìyá."

"Á pa wọ́n, ẹni tó bá sì jẹ wọ́n lè ṣàìsàn. Mi ò tà."

Nítorí náà wọ́n ń gbẹ́ kòtò tí wọ́n máa sin ín sí. Bàbá Akínwùmí dé bá wọn níbẹ̀. Gbémiga fi ọkọ̀ gbé e dé etí títì, ọ̀kadà sì gbé e já. Ó dúró, ó gbára lé ọ̀pá, ó wo àká tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wo òrùlé tó ya, ó wo àwọn tó ń fi ṣọ́bìrì kó àgbàdo. Bísọ́dún gbé àga fún un, òun náà jókòó sórí ìtì igi.

"Ibo ló ti bẹ̀rẹ̀?" ni Bàbá bi í.

Ó fi igun náà hàn án. Ó tún ṣàlàyé, lẹ́sẹẹsẹ, láìbínú: ihò, omi, igun, ilẹ̀kùn, òrùlé. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun náà wà níwájú Bàbá, kì í ṣe páálí ìṣáná mọ́. Ó ń mi orí, ó ń béèrè, ó dìde, ó lọ fi ọ̀pá kan ìtì ìrókò tó ti rì, ó padà wá jókòó. Ó yé e.

"Ká ní a fi kọnkéré yẹn sílẹ̀ ńkọ́?"

"Ì bá dúró, Bàbá."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

 Omi ń kán láti etí páànù.

"Bó bá tún di àná, Ìyàwó, ohun tí mo sọ náà ni mo máa sọ."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Oko ṣì jẹ́ tìrẹ títí ẹ̀mí rẹ. Lọ́dún tó ń bọ̀, bí òjò bá—"

"Mi ò dáko lọ́dún tó ń bọ̀."

Bàbá yíjú sí i. "Kí lo máa wá ṣe?"

Bísọ́dún ronú sí i ní tòótọ́, bí ẹni tó gbé ohun kan síwájú tó ń wá ibi tó ti lè dì í mú. Kò rí ibì kan.

"Mi ò mọ̀, Bàbá," ó ní.

Yọ̀mí ké láti ìsàlẹ̀. "Mọ́mì! Kòtò ti kún o, àgbàdo ò tíì dé ìdajì!"

"Ẹ gbẹ́ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀."

Ó dìde. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó mú ọkọ́ kan láàárín àwọn tó wà nílẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn gbẹ́ ẹ.